Air Afrique
Air Afrique jẹ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí orílẹ̀-èdè mọ́kànlá tí Faransé ti ṣàkóso rí ní Áfíríkà jọ dá sílẹ̀ ní Yaoundé ní ọdún 1961. Dahomey, tí í ṣe Benin lónìí, wà lára wọn. Tógò dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Ọkọ̀ òfurufú ńlá ju agbára ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lọ. Nítorí náà, wọ́n da owó pọ̀, wọ́n jọ ni àwọn ọkọ̀ náà, wọ́n sì fi Abidjan ṣe olú-iléeṣẹ́.

Kamẹrúùn yọwọ́ ní ọdún 1971 kí ó lè dá tirẹ̀ sílẹ̀. Gàbọ̀n tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n dín iye owó CFA kù sí ìdajì ní 1994, gbèsè tí ilé-iṣẹ́ náà jẹ ní owó òkèèrè di ìlọ́po méjì. Ó kógbá sílé ní ọdún 2002.