Bí Bakitéríà Ṣe Ń Sé Yuréníọ̀mù Mọ́lẹ̀ Nínú Omi Abẹ́ Ilẹ̀

Nígbà mìíràn, a máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì pé bakitéríà kan wà tí ó ń "jẹ" yuréníọ̀mù. Gbólóhùn náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Yuréníọ̀mù kì í ṣe oúnjẹ bakitéríà, kò sì sí ohun abẹ̀mí tí ó lè pa á rẹ́. Ipò rẹ̀ ni bakitéríà ń yí padà.

Nínú omi tí ọ́síjìn wà, ipò kẹfà ni yuréníọ̀mù máa ń wà. Ó ń yòrò, ó sì ń bá omi lọ sínú kànga àti odò. Ẹni tí ó bá ń mu irú omi bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ń fi kíndìnrín rẹ̀ wewu. Bí yuréníọ̀mù bá gba ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù méjì, ó di ti ipò kẹrin, èyí tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yòrò rárá. Yóò dì, yóò sì jókòó sáàárín iyanrìn.

Láti inú mímí ni ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù náà ti ń wá. Nínú ara ènìyàn, ọ́síjìn ni ó ń gba ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù tí ó jáde láti inú oúnjẹ. Geobacter ń gbé inú ẹrẹ̀ tí ọ́síjìn kò dé. Ìpẹtà irin ni ó ń kó tirẹ̀ fún. Ní 1991, Derek Lovley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ó lè kó o fún yuréníọ̀mù pẹ̀lú. (Àwọn bakitéríà mìíràn kò lo ọ̀nà yìí; wọ́n ń tú fọ́síféètì sílẹ̀, òun ni ó ń bá yuréníọ̀mù dì pọ̀.)

Ní ìlú Rifle, ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tí ó ń lọ òkúta yuréníọ̀mù láyé àtijọ́ ti ba omi abẹ́ ilẹ̀ jẹ́. Ní 2002, àwọn onímọ̀ ń rọ àsítéètì, èròjà tí ó bá ọtí kíkan tan, sínú ilẹ̀ náà fún oṣù mẹ́ta. Oúnjẹ Geobacter nìyí, ó sì gbilẹ̀ kíákíá. Láàárín 50 ọjọ́, yuréníọ̀mù inú àwọn kànga àyẹ̀wò kan ti wálẹ̀ kọjá ìwọ̀n tí wọ́n ń lépa. Ṣùgbọ́n nígbà tí irin tí Geobacter lè lò ń tán lọ nítòsí ibi tí àsítéètì ń gbà wọlé, àwọn bakitéríà tí ń lo súlféètì gba oúnjẹ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, yuréníọ̀mù sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú omi.

Ibi tí ó yẹ kí olùkọ́ ti fara balẹ̀ jù lọ nìyí. Bí omi tí ó ní ọ́síjìn bá tún ṣàn dé ibẹ̀, yuréníọ̀mù ipò kẹrin lè padà sí ipò kẹfà kí ó sì yòrò. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣọ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi gbọ́dọ̀ máa bu omi kànga wò, kódà lẹ́yìn tí omi bá ti mọ́.