Àbá Kì í Ṣe Ìpinnu

Bí ẹbí bá jókòó láti pín ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀, kò sẹ́ni tí í mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ níbẹ̀ tọ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n á dá àbá, àbúrò á ní kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà á tún un yẹ̀ wò títí ohùn á fi ṣọ̀kan. Ẹni tó bá gbọ́ àbá òwúrọ̀, tó sáré lọ da búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, lè mọ odi sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn.

Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì. IETF ni ẹgbẹ́ tó ń ṣe é láti ọdún 1986. Wọn kì í dìbò. Bí alága bá fẹ́ mọ ibi tí ọkàn ìjókòó wà, ó lè ní kí àwọn tó fara mọ́ àbá kùn, kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn náà kùn tiwọn, kó sì tẹ́tí sí èyí tó ròkè.

Àbá tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Internet-Draft. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́. Oṣù 6 péré ni ẹ̀mí rẹ̀, àyàfi bí wọ́n bá tún un kọ. 00 ni nọ́ńbà àkọ́kọ́, 01 ló tẹ̀ lé e. Àbá TLS 1.3, tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dé 28 kó tó di RFC 8446, ìyẹn ìpinnu tí wọ́n tẹ̀ jáde, lóṣù kẹjọ ọdún 2018. RFC ní tirẹ̀ kì í yí padà: bí àtúnṣe bá pọn dandan, wọ́n á kọ òmíràn tó ní nọ́ńbà tirẹ̀. RFC 1 tí Steve Crocker kọ lọ́dún 1969 ṣì wà nílẹ̀ títí dòní.

Ẹ wo WebSocket, ọ̀nà tí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì àti sáfà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. Nínú àbá tó wà nílẹ̀ lọ́dún 2010, kọ́kọ́rọ́ méjì ni wọ́n fi ń kíra wọn, Sec-WebSocket-Key1 àti Key2. Kí ọdún náà tó parí, àwọn tó ń ṣe aṣàwákiri Firefox ti pa á nítorí àléébù ààbò. Nígbà tí RFC 6455 jáde lóṣù kejìlá ọdún 2011, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló kù, ìdáhùn sáfà sì ti yàtọ̀. Ẹni tó bá kọ́ ti àtijọ́ nínú ìwé lónìí yóò kọ kóòdù tí aṣàwákiri kankan kò ní dá lóhùn.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Àwọn tó dá àbá fún un ní oṣù 6, wọ́n sì kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe ẹ̀rí, àfi kó pè é ní iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́. Òǹkọ̀wé wá gbé e sínú ìwé tí yóò wà lórí pẹpẹ fún ọdún 10, ó ń sọ ọ́ bí òfin. Ọ̀dọ́ tó ra ìwé náà ní ọwọ́ kejì kò mọ̀. Yóò rò pé orí òun ni kò pé.

Òótọ́ ni pé òǹkọ̀wé kò lè máa dúró de RFC nígbà gbogbo, torí ilé iṣẹ́ a máa fi àbá ṣiṣẹ́ kí ohùn tó ṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n kó sọ orúkọ àbá náà, nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀, kó sì là á mọ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ gan-an pé ó lè yí padà. Ìlà kan péré ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí ìlà yẹn yóò mọ̀ pé kí òun lọ wá ìpinnu kóun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.