Èébú kan ló pa ọba Kútùjẹ: ẹ̀kọ́ fún àwa tá a wà ní Rumuigbo

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ìjà ló bí i.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ti fẹ́ sùn, wọ́n wá kan ìlẹ̀kùn mi gbàgbàgbà. Ọmọ wa kan tó ń lẹ táyà ló ń bá ọmọ onílé jà. Kí ló fà á? Ọkọ̀ oníbàárà rẹ̀ ló dí ẹnu ọ̀nà. Ká ní wọ́n fi mọ síbẹ̀ ni, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí ọ̀rọ̀ náà á fi tán. Àmọ́ ọ̀kan fi ẹ̀yà bú èkejì, èkejì náà sì dá a padà ní ìlọ́po méjì. Kí n tó débẹ̀, irin tí wọ́n fi ń tú táyà ti wà lọ́wọ́ tiwa, igo ti wà lọ́wọ́ tiwọn. Ọlọ́run ló kó wa yọ. Bàbá onílé di ọmọ tirẹ̀ mú, èmi náà di tiwa mú. Ọjọ́ kejì la jókòó, a pa obì, a bẹ ara wa, ó sì tán.

Nígbà tí mo délé, ọmọ mi obìnrin tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì sọ fún mi pé, “Dádì, bó ṣe ṣe Ọdẹ́wálé gan-an nìyẹn. Ti wa kàn dáa díẹ̀ ni, ẹnì kankan ò kú.” Mo ní ta ni Ọdẹ́wálé? Ló bá lọ gbé ìwé rẹ̀ wá: The Gods Are Not to Blame, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ola Rotimi kọ. Ìwé mẹ́wàá lèmi kà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́. Mo ti ń gbọ́ orúkọ eré náà tipẹ́, mi ò kà á tán rí. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi kà á.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìtàn náà rèé. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan fún Ọba Adétùsà àti Olorì Ojúọlá nílùú Kútùjẹ. Ifá ní ọmọ náà yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fẹ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n lọ pa á sínú igbó, ṣùgbọ́n àánú ọmọ náà ṣe ẹni tí wọ́n rán, ló bá fà á lé ọlọ́dẹ kan lọ́wọ́. Ọlọ́dẹ yìí ló tọ́ Ọdẹ́wálé dàgbà nílùú mìíràn. Nígbà tó gbọ́ àyànmọ́ rẹ̀, ó sá kúrò nílé nítorí ó rò pé ọlọ́dẹ ni bàbá òun. Ẹ̀yìn ìyẹn ló pa àgbàlagbà kan lójú ọ̀nà ayé rẹ̀. Nígbà tó dé Kútùjẹ, ogun ń jà wọ́n. Ó bá wọn ṣẹ́gun, wọ́n fi jọba, wọ́n sì fún un ní olorì. Àṣé ìlú rẹ̀ ló dé, bàbá rẹ̀ ló pa, ìyá rẹ̀ ló fẹ́. Nígbà tí àṣírí tú, Ojúọlá pa ara rẹ̀, Ọdẹ́wálé fọ́ ojú ara rẹ̀ méjèèjì, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó fi ìlú sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé yóò ti mọ̀ pé kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá ni ìtàn yìí ti ṣẹ̀. Ọkùnrin ará Áténì kan, Sophocles, ló fi ṣe eré ní ilẹ̀ Gíríìkì, ó ti lé ní 2,400 ọdún báyìí. Oedipus ni Ọdẹ́wálé tiwọn, Thebes ni Kútùjẹ tiwọn. Rotimi nìkan kọ́ ló ya irú ìtàn àwọn ará Gíríìkì bẹ́ẹ̀ lò. Wole Soyinka mú eré Euripides kan, ó tún un kọ fún ilé eré ìjọba ní London ní 1973. Femi Osofisan náà mú eré Euripides mìíràn, èyí tó dá lórí àwọn obìnrin ìlú Troy tí ogun kó, ó fi sọ ìtàn àwọn obìnrin Òwu wa. Women of Owu ló pe tirẹ̀, England ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ṣe é ní 2004.

Ṣùgbọ́n ibi tí Rotimi ti yí ìtàn Gíríìkì padà ló mú mi lọ́kàn jù lọ. Nínú ti Sophocles, oríta mẹ́ta ni Oedipus ti pàdé bàbá rẹ̀. Ta ni yóò yà lọ́nà fún ẹnì kejì ló di ìjà. Nínú ti Rotimi, oko iṣu ni, nítòsí Ẹdẹ. Ọdẹ́wálé ti fi owó ra oko náà, bàbá yìí dé, ó ní òun ló ni ín. Ọdẹ́wálé ṣì ń gbìyànjú láti mú sùúrù. Ìgbà tí bàbá náà wá pẹ̀gàn ẹ̀yà rẹ̀ ni ojú rẹ̀ ṣú, ló bá fi ọkọ́ pa á. Ẹ wò ó dáadáa: ti Gíríìkì, ìjà ọ̀nà. Ti Rotimi, èébú ẹ̀yà. Ti Rumuigbo wa yìí, méjèèjì ló pọ̀.

Kí ló dé tí Rotimi fi ki èébú ẹ̀yà bọ̀ ọ́? Ní 1968 tí ẹgbẹ́ òṣèré Orí Olókun kọ́kọ́ ṣe eré yìí ní Ilé-Ifẹ̀, ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà. Rotimi ṣàlàyé fúnra rẹ̀ pé kì í ṣe òrìṣà wa ni àkọlé eré náà ń bá wí. Àwọn ìjọba ńláńlá òkèèrè tí àwọn èèyàn ń di ẹ̀bi ogun rù ló ń sọ. Ó ní ká má dá wọn lẹ́bi ìkórìíra ẹ̀yà sí ẹ̀yà tó wà láàárín àwa fúnra wa.

Ó sì lẹ́nu ọ̀rọ̀ náà. Sapele ni wọ́n ti bí i ní 1938. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Ìjọ ni ìyá rẹ̀. Port Harcourt níbí ló ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní St. Cyprian's, láti 1945 sí 1949. Ní 1977 ó padà wá sí yunifásítì Choba, ó sì lò ju ọdún mẹ́wàá lọ níbẹ̀. Ní 1985 ló gbé Hopes of the Living Dead jáde, eré nípa Ikoli Harcourt Whyte, akọrin ọmọ Kalabari tó lárùn ẹ̀tẹ̀. Nínú eré yẹn, oríṣiríṣi èdè Nàìjíríà ni àwọn alárùn náà ń sọ, wọ́n ń túmọ̀ fún ara wọn, wọ́n sì jọ ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Rotimi kú ní 2000.

Ohun kan kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún àwa àlejò, bó tilẹ̀ korò. Nígbà tí wàhálà dé bá Ọdẹ́wálé, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé àwọn ìjòyè ń dìtẹ̀ mọ́ òun nítorí òun kì í ṣe ọmọ ìlú. Ìfura yìí ò jẹ́ kó gbọ́ òtítọ́ tí wọ́n ń sọ fún un. Àwa náà ń ṣe é. Bí onílé bá fowó kún ilé, a ní torí a jẹ́ Yorùbá ni. Bí wọ́n bá lé ìsọ̀ wa kúrò lójú títì, a ní torí a jẹ́ Yorùbá ni. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni, mi ò ní pa irọ́. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, onílé kan náà ló fowó kún ilé ọmọ Ikwerre tó wà ní yàrá kejì, àwa ni ò béèrè.

Nítorí náà, ní ìpàdé wa tó kọjá, a fẹnu kò pé ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fi ẹ̀yà bú ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ Ikwerre, Ibo tàbí Ìjọ, yóò san owó ìtanràn, ì báà jẹ́ alága. Bàbá onílé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti ṣèlérí pé òun yóò bá àwọn èèyàn tòun náà sọ ọ́. Ọmọ wa alátáyà àti ọmọ onílé ti ń kí ara wọn. Ẹnu ọ̀nà yẹn, a ti fi ẹfun fa ìlà sí i: ọkọ̀ oníbàárà kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká pàdé ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ tó ń ka ìwé eré yìí, kó mú un dání wá, kó wá kà á fún wa.