Òwe Jésù Lọ́wọ́ Olùkọ́

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Báyìí ni Jésù ṣe ń fi òwe kọ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo orí 10 Ìwé Lúùkù. Amòfin kan bèèrè ẹni tí í ṣe ọmọnìkejì òun. Jésù pìtàn ọkùnrin kan tí àwọn ọlọ́ṣà ṣe léṣe lọ́nà Jẹ́ríkò. Àlùfáà kọjá, ọmọ Léfì kọjá. Ará Samáríà, tí àwọn Júù kì í bá da nǹkan pọ̀, ni ó di ọgbẹ́ rẹ̀. Jésù wá bèèrè pé: nínú àwọn mẹ́ta yìí, ta ni ọmọnìkejì? Amòfin náà ni ó dá ẹjọ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀. Kò dárúkọ Samáríà. Ó ní ẹni tí ó ṣàánú ni.

A bẹ̀ yín, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe gba ìdáhùn mọ́ àwọn ọmọ lẹ́nu. Ẹ pa òwe náà, ẹ bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì dákẹ́. Ní orílẹ̀-èdè ẹlẹ́yà púpọ̀ bí tiwa, ó yẹ kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé àjèjì lè jẹ́ ọmọnìkejì òun.