Ìbéèrè Tí Ó Yẹ Kí A Béèrè Nígbà Ọdún

Ọyẹ́ ti dé, iṣu ti kúrò nínú ebè, àgbàdo sì ti wà nínú àká. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní ìlú òkèèrè ń múra láti wá bá wa ṣe Kérésìmesì. A ó pa adìyẹ, a ó gún iyán, a ó sì kí ara wa títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ta ni ó mọ ìkíni bí àwa Yorùbá? A ń kí ẹni tí ó jókòó, a ń kí ẹni tí ó dúró, a ń kí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tí ó ń sinmi.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn ìkíni, kí ni a ń bá ara wa sọ? "Ṣé àlàáfíà ni?" "A dúpẹ́." "Ará ilé ń kọ́?" "Wọ́n wà." Lẹ́yìn èyí, oúnjẹ dé, orin dé, olúkúlùkù sì tẹjú mọ́ fóònù ọwọ́ rẹ̀. Nígbàtí ó bá di ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ ti gbé àlejò lọ. Ìkíni ni ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà kò tíì wọ inú ilé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń bá ẹlòmíràn wí. Èmi tìkára mi ni ẹlẹ́bi àkọ́kọ́. Bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀ ní ìlú kékeré kan ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ mú mi jìnnà sí ilé, ṣùgbọ́n kò sí Kérésìmesì kan tí n kò lọ kí wọn. Èmi a gbé ìrẹsì àti aṣọ lọ́wọ́, èmi a dọ̀bálẹ̀, èmi a sì béèrè pé, "Bàbá, ara ń kọ́?" Wọn a ní, "Ara ń ṣe dáadáa, ọmọ mi." Ó tán nìyẹn.

Ohun méjì ni àwa ọmọ kò lóye nípa wọn. Èkínní ni àpótí onírin kan tí ó wà lẹ́bàá ibùsùn wọn. Aṣọ díẹ̀ àti ìwé ìrìbọmi gbogbo wa ni ó wà nínú rẹ̀, okùn sì wà lára rẹ̀ bí ẹni pé ìrìn-àjò kan ń bọ̀ ní òwúrọ̀ ọ̀la. Èkejì ni pé, ní ọjọ́ Kérésìmesì, bí wọ́n bá ti ti ilé ìsìn dé, oko ni wọn a gbà lọ ní àwọn nìkan, wọn kì í sì í padà títí di àṣálẹ́. Àwa a máa rẹ́rìn-ín, a ní ahun ni bàbá wa, àlejò ni wọ́n ń sá fún. Kò sí ẹni tí ó béèrè rí.

Ní ọdún 2009 ni bàbá mi sùn. Ìyá wa ti ṣáájú wọn lọ. Nígbàtí a sin wọ́n tán, bàbá arúgbó kan tí a kò mọ̀ rí dìde láàrín àwọn àlejò láti sọ ọ̀rọ̀ nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà náà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé bàbá wa ti ṣòwò ní Kumasi kí wọ́n tó bí wa. Àwọn àgbà tí ń ka ìwé yìí yóò rántí pé ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà, tí Kofi Busia jẹ́ olórí rẹ̀, pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbé-ìlú kúrò ní ilẹ̀ náà láàrín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ náà bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá, láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò àti Ìnísà. Wọ́n ta ọjà wọn ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n fi ilé àti owó tí a jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì gba Tógò àti Dàhòmì, tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, wá sí ilé.

Bàbá àti ìyá mi wà lára wọn, àti àkọ́bí wọn, ọmọkùnrin ọdún mẹ́rin kan, ẹni tí egungun a máa ro púpọ̀ nígbà òtútù. Wọ́n há sí ẹnu ibodè fún ọjọ́ púpọ̀. Ara ọmọ náà kò gba ìyà yẹn. Ó kú lójú ọ̀nà, ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n sì sin ín sí. Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì ni àwọn méjèèjì wọ ìlú wa, láìsí ọjà, láìsí ọmọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe yé mi, nígbàtí mo ti di ẹni ọdún 36, pé bàbá mi kì í ṣe ahun. Ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń lọ ṣe ní oko. Wọ́n sì ń di àpótí wọn nítorípé a ti lé wọn rí. Nǹkan bí ogójì Kérésìmesì ni wọ́n fi dá ẹrù náà gbé, àwa ọmọ wọn sì wà nínú ilé, a ń jẹ iyán.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Àbúrò mi ní ọmọbìnrin kan tí a bí ní ọdún 2006, tí a máa ké nítorí ìrora ọwọ́ àti ẹsẹ̀. A pè é ní ibà, a pè é ní làkúrègbé. Ọ̀rọ̀ bàbá arúgbó náà ni ó mú kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni. AS ni àbúrò mi, AS sì ni ìyàwó rẹ̀. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé nígbàtí tọkọtaya bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS, tí í ṣe alárùn. Ìdá kan pé kí ó jẹ́ AA. Ìdá méjì pé kí ó jẹ́ AS bí àwọn òbí rẹ̀. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó jẹ́ AS. Ara wọn a máa le, wọn kì í sì í mọ̀ bí a kò bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Láyé àtijọ́, àbíkú ni a ń pe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ìtìjú orúkọ náà ni ó sì pa bàbá àti ìyá wa lẹ́nu mọ́. Bí a bá ti mọ̀ ni, àbúrò mi ì bá ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ó tó gbé ìyàwó. A dúpẹ́ pé ọmọ náà wà láàyè. Ó ń lo oògùn rẹ̀, ó ń mu omi púpọ̀, ó ń sá fún òtútù ọyẹ́, a kì í sì í fi ibà rẹ̀ ṣeré. Ó ti di ọ̀dọ́mọbìnrin.

Àwọn kan yóò wí pé ọmọdé tí ó ń tọ pinpin àgbà kò ní ẹ̀kọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kan náà ni ó wí pé abéèrè kì í ṣìnà. Ìbéèrè kọ́ ni àfojúdi. Bí a ti béèrè rẹ̀ ni. Ẹ wo Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá ní ọdún 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di ọdún 1921, nígbàtí òun ti kú ní ogún ọdún. Láti ẹnu àwọn àgbà, bí Lágúnjú tí í ṣe Tìmì Ẹdẹ, ni ó ti gba púpọ̀ nínú ìtàn náà. Bí ó bá ti fi ìtìjú dákẹ́, púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ lónìí ì bá ti bá wọn wọ sàréè. Nínú Ìwé Mímọ́ pẹ̀lú, òfin àjọ ìrékọjá ti retí ọjọ́ tí ọmọ yóò béèrè ìtumọ̀ àjọ náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì ti pèsè ìdáhùn sílẹ̀ dè é. Àjọ̀dún tí ọmọ kò béèrè nǹkankan nínú rẹ̀, oúnjẹ nìkan ni.

Báwo ni kí a ṣe béèrè? Ohun tí mo ti rí kọ́ nìwọ̀nyí.

Èkínní, ẹ yan àkókò. Ẹ má ṣe bi àgbà ní ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ lójú àwùjọ. Ẹ dúró títí àlejò yóò fi tú ká, tàbí kí ẹ jókòó tì wọ́n nígbàtí wọ́n bá ń bó ẹ̀gúsí tàbí tí wọ́n ń sun iṣu. Nígbàtí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́, ẹnu a máa tú.

Èkejì, ẹ tọrọ àyè. "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, mo fẹ́ kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ yín." Kò sí àgbà tí ọ̀rọ̀ yìí kì í rọ̀ lọ́kàn.

Ẹ̀kẹta, ẹ béèrè ohun tí "a dúpẹ́" kò lè parí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun tí ojú rí: àwòrán ara ògiri, àpá ẹsẹ̀, orúkọ tí a sọ yín. "Ìyá, kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ sọ mí ní orúkọ yìí?" Bí wọn kò bá mọ ọdún, ẹ fi ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ṣe àmì: ọdún 1955 tí ilé ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn; ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 àti 1969; oṣù kẹrin ọdún 1972 tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba ọwọ́ ọ̀tún; oṣù kìíní ọdún 1973 tí a pààrọ̀ pọ́n-ùn sí náírà. "Níbo ni ẹ wà nígbà náà? Kí ni ẹ ń ṣe?"

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá ti béèrè tán, ẹ dákẹ́. Èyí ni ó le jù fún àwa olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí àgbà wo ilẹ̀, kí ó wo òkè. Ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Bí ó bá dé, ẹ má ṣe já a gbà, ẹ kàn wí pé, "Kí ni ó tẹ̀ lé e?"

Ẹ̀karùn-ún, bí wọ́n bá yí ojú kúrò, ẹ fi í sílẹ̀. Ìbéèrè kì í ṣe ẹjọ́. Ọdún mìíràn ń bọ̀.

Ẹ̀kẹfà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn. Ní ti ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí àgbà mú yín dé ìdí pérégún tí ó jẹ́ ààlà, kí ẹ sì béèrè ẹni tí ó gbìn ín. Ní ti ìlera, ẹ béèrè irú àìsàn tí ó mú àwọn òbí àgbà lọ, bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru ni, bóyá àtọ̀gbẹ ni, kí ẹ lè tètè ṣọ́ ara yín.

Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ kàn yín pẹ̀lú. Ìbéèrè kan wà tí ó dàbí òkúta tí a sọ lu ènìyàn: "Nígbà wo ni ìwọ yóò gbé ọkọ wá?" "Kí ni ó dé tí ẹ kò tíì bímọ?" "Èló ni wọ́n ń san fún ọ?" Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń sá fún ilé nígbà ọdún nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ béèrè èyí dípò rẹ̀: "Ọmọ mi, kí ni ó dùn mọ́ ọ jù nínú iṣẹ́ rẹ? Kí ni ó ń wúwo lọ́kàn rẹ?" Kí ẹ sì gbọ́ ìdáhùn láì gbé ìwàásù dìde.

Ní Kérésìmesì tí ó kọjá, mo lọ kí àbúrò bàbá mi obìnrin, ẹni tí ó kù nínú ìran wọn. Mo jókòó tì wọ́n níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí, mo sì béèrè orúkọ ọmọ tí ó kú ní ọdún 1969. Ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n dákẹ́ pẹ́ títí tí mo fi rò pé mo ti ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dárúkọ rẹ̀, wọ́n sì wí pé, "Láti ọjọ́ náà, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó béèrè." Mo kọ orúkọ náà sínú Bíbélì ilé wa, lókè tèmi.

Ẹ̀yin ará, ta ni yóò jókòó lórí àga nínú ilé yín ní ọdún yìí, tí a kò tíì béèrè nǹkankan lọ́wọ́ rẹ̀ rí? Ẹ lọ jókòó tì í. Ọdún yóò yabo fún gbogbo wa, a ó sì ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.