Ìtọ̀ Tó Ń Lé Ni Kúrò Nídìí Ọjà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa obìnrin kì í fẹ́ sọ síta: ìtọ̀ tó ń gbọ̀n ni lójijì. Oníbàárà ń ná ọjà lọ́wọ́, ìtọ̀ dé, ó di eré. Ká tó padà dé, oníbàárà ti bá ẹlòmíì lọ. Lóru ẹ̀wẹ̀, a ò rí oorun sùn.

Àpò ìtọ̀ àgbàlagbà máa ń gbà tó píọ̀ wọ́tà kan kó tó kún. Ṣùgbọ́n tó bá ti ń ṣe wàdùwàdù, kò ní í kún dé ìdajì tí á ti máa lé wa dìde. Tí ẹ bá ń tọ̀ ju ìgbà 8 lọ láàárín ọ̀sán àti òru, tó sì ń ká yín mọ́ lójijì, ẹ má kàn sọ pé ọjọ́ orí ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé a ò ní í mumi láti àárọ̀, torí ilé ìtọ̀ ò pọ̀ lọ́jà. Tí omi bá kéré lára, ìtọ̀ á ki, á pọ́n, á máa ta àpò rẹ̀, ìyẹn á tún wá burú sí i. Omi là ń bá jà, a wá fi obì sílẹ̀ lẹ́nu. A kì í fi ète sílẹ̀ pa làpálàpá.

Àbàtà o, gbànja o, kaféìnì wà nínú méjèèjì. Òun ni kì í jẹ́ kí oorun kùn wá nídìí ọjà, òun náà ló sì ń rú àpò ìtọ̀ sókè. Ó wà nínú kọfí, tíì àti Coca-Cola. Ṣé ẹ mọ̀ pé lára obì ni wọ́n ti mú "Cola" inú orúkọ yẹn, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Amẹ́ríkà ní 1886? Ọtí líle, ata tó pọ̀, ọsàn àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò náà máa ń yọ àwọn kan lẹ́nu. Ara ò rí bákan náà.

Kí wá ni ṣíṣe?

1. Ẹ wá agolo mílíìkì tó ṣófo. Ìgbàkígbà tí ẹ bá tọ̀, ẹ ju hóró àgbàdo kan sí i. Ẹ kà á lálẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta.

2. Ẹ dín obì kù díẹ̀díẹ̀, torí ẹni tó bá já a lójijì, orí lè máa fọ́ ọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún ka àgbàdo. Tí kò bá yàtọ̀, ẹ dán ata tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò wò. Ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa dán wò lẹ́ẹ̀kan.

3. Ẹ máa mu píọ̀ wọ́tà 3 tàbí 4 lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Tó bá ku wákàtí 2 sí 3 kẹ́ ẹ sùn, ẹ dín in kù. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí kíndìnrín, kó bi dókítà ná.

4. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ìbẹ́pẹ. Ìgbẹ́ tó bá le máa ń tẹ àpò ìtọ̀.

5. Tó bá gbọ̀n yín, ẹ má sáré. Ẹ jókòó, ẹ fún ìsàlẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró, títí á fi rọlẹ̀. Ẹ sún un síwájú ní ìṣẹ́jú 5, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ fi kún un. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ṣùgbọ́n tí ìtọ̀ bá ń ta yín, tí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, tí òùngbẹ ń gbẹ yín ṣáá tàbí ẹ ń rù, ẹ má dúró ti agolo o. Ó lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, kòkòrò tó wọ ojú ara, tàbí kókó inú ilé ọmọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn náà máa ń mú ìtọ̀ pọ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ sọ fún dókítà. UCH tí wọ́n ṣí ní 1957 ò jìnnà sí wa ní Agodi, Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu náà ò jìnnà.

A ò ní kẹ́ ẹ má fi obì ṣe ìwúre o. Tí wọ́n bá fún yín níbi ìkómọ, ẹ bu awẹ́ kan jẹ, kẹ́ ẹ di ìyókù sétí aṣọ. Ìlera loògùn ọrọ̀.