Àfiwé Àdàlù Afọwọ́ṣe àti Àfẹ̀rọṣe nínú Títẹ Ẹ̀yà Ara Alààyè

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni bí a ṣe ń da sẹ́ẹ̀lì alààyè lu tàdáwà tí a fi ń tẹ ẹ̀yà ara, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ọdún 2003 tí Thomas Boland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Clemson, ní Amẹ́ríkà, ti lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti to sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀rọ náà ni a sábà máa ń gbọ́ ìyìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìdí àdàlù gan-an ni iṣẹ́ ti lè bàjẹ́.

Tàdáwà yìí kì í ṣe omi lásán. Ó ki bí ògì gbígbóná. A lè fi alginate, tí a ń fà yọ lára ewéko inú òkun, tàbí jẹ́látìnì ṣe é. Inú rẹ̀ ni a ti fẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì fọ́n ká dọ́gbadọ́gba. Ẹni tó bá ti ro àmàlà rí yóò mọ ìṣòro ibẹ̀: bí ọwọ́ bá dẹ̀, kókó yóò wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá le jù níhìn-ín, ara sẹ́ẹ̀lì yóò ya, yóò sì kú.

Nínú ọ̀nà afọwọ́ṣe, a máa ń so síríńjì méjì lẹ́nu pọ̀. Tàdáwà wà nínú ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì wà nínú èkejì. Òṣìṣẹ́ á máa tì í lọ, á máa tì í bọ̀. Kò wọ́nwó, òfò inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Àléébù rẹ̀ ni pé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá sì há sínú àdàlù, ìlà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ yóò já.

Nínú ọ̀nà àfẹ̀rọṣe, mọ́tò ni ó ń ti síríńjì méjèèjì sínú ọ̀pá kan tí abẹ̀bẹ̀ kéékèèké lílọ́ tí kì í yí wà nínú rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ kìíní pín ohun tó ń kọjá sí méjì, èkejì sọ ọ́ di mẹ́rin. Nígbà tí yóò fi kọjá ìkẹwàá, ó ti di ìpele 1,024. A kò rò ó rárá, pípín ni a pín in. Ìdí nìyí tí mo fi yan "àdàlù" dípò "ìròpọ̀" nínú iṣẹ́ yìí.

Èyí tó bá kù sínú ọ̀pá náà ti ṣòfò. Bí ó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ tí a gbà lára aláìsàn kan ṣoṣo ni, ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ ni mo fara mọ́. Níbi tí a bá ti fẹ́ dán oògùn wò lára ọ̀pọ̀ àtẹ̀jáde, ẹ̀rọ ló tọ́. Aró ni a fi ń yẹ sẹ́ẹ̀lì wò: èyí tó yè á mú àwọ̀ ewé, èyí tó kú á pọ́n, ṣùgbọ́n aró náà kò lè sọ bóyá oògùn ló pa á tàbí ọwọ́ ẹni tó dà á lù.